Ohun Tí Ọmọ Ilé Ààfáà Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Àgùdà

Ilé ààfáà ni wọ́n bí mi sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, St. Gregory's College ní Ọbáléndé ni mo sì ti ka ìwé mẹ́wàá. Ọdún 1972 ni mo wọ fọ́ọ̀mù wan. Bí mo bá sọ ọ́ létí àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Bàbá, wọn ò sọ yín di Kátólíìkì?" Wọn ò sọ mí di nǹkan kan. Mo ṣì ń kírun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fi ń ṣe ayé lónìí, abẹ́ àwọn Fádà ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá látìgbà tí àwa tí a jọ jáde ti ń gbìyànjú láti kó ìtàn ilé-ìwé náà jọ.

Bàbá àgbà mi ló ní kí n lọ. Ìyàlẹ́nu ńlá ni fún gbogbo ilé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún wa bí nǹkan ṣe rí nígbà èwe rẹ̀: ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ ilé-ìwé míṣọ́nnárì, orúkọ mìíràn ni yóò mú bọ̀. Rafiu á lọ, Raphael á dé. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn nù. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1928, ni wọ́n dá St. Gregory's sílẹ̀. Bàbá àgbà mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń jà pé kí wọ́n má rán mi lọ, èsì tí bàbá fún un ni pé, "Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí tí mo ti ń kírun. Kí ló dé tí wọn ò lè kọ́ ọmọ-ọmọ mi?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mọ́ṣáláṣí Ṣíttà Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ tó ti Brazil padà wálé ni ó ti jáde, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, orúkọ kan náà tí à ń pe àwọn Kátólíìkì. Ẹni tó bá fi ojú sí ògiri rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ṣe ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Pópó Àgùdà. Kí n tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, bàbá àgbà pè mí, ó ní: "Ìmọ̀ ni kó o bá wọn gbà wá. Tí wọ́n bá fún ẹ ní orúkọ, dá a padà fún wọn." Kò sẹ́ni tó fún mi lórúkọ, yàtọ̀ sí ìnagijẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ mí, èyí tí mi ò ní kọ síbí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ bí ìtàn àwọn Àgùdà Èkó ṣe jinlẹ̀ tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, tó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School, ilé-ìwé àwọn Áńgílíkà, ní Èkó. Nínú oṣù yẹn gan-an ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Fádà SMA (Society of African Missions) ti ìjọ Kátólíìkì sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, kú sí Freetown. Ibà ló pa òun àti àwọn tó bá a wá, láìpẹ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ẹ wò ó: àwọn kan ti ń ṣí ilé-ìwé girama, àwọn tí yóò wá dá tiwa sílẹ̀ ṣì ń sìnkú. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tún dé pẹ̀lú ilé-ìwé ọkùnrin tiwọn ní 1878, ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní 1909. Gbogbo ìyẹn ti ń lọ kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928.

Àmọ́ ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìjọ Kátólíìkì ti wà ní Èkó kí Fádà kankan tó wá gbé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n wá padà, ni wọ́n gbé e wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Anthonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fádà Borghero ti SMA yọjú sí Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀ tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò ṣe Máàsì fún wọn. Ọdún 1868 ni àwọn Fádà tó wá fìdí kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé wa kò ṣàjèjì sí Èkó bí èèyàn ṣe lè rò. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Póòpù Gregory Ńlá, tí Bede, mọ́ńkì òpìtàn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ sílẹ̀ láti 731, ni pé kó tó di póòpù, ó rí àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó wá tà lọ́jà Róòmù, ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá, wọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi rán Augustine àti àwọn mọ́ńkì lọ sí ilẹ̀ wọn ní 596. Ọmọ ẹrú tí wọ́n ń tà lọ́jà! Nílùú tí ó jẹ́ pé àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ló gbé ìgbàgbọ́ náà wọlé, mi ò mọ orúkọ tí ìbá tún yẹ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aago méjìlá ọ̀sán. Nínú gbogbo àṣà ilé-ìwé wa, òun ló wọ̀ mí lára jù. Àwọn Kátólíìkì máa ń gba àdúrà Angelus lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ti ọ̀sán ló sì kan àwa tí a ń ti ilé wá. Bí agogo bá ti dún, ibi tó bá bá ọ ni wàá dúró sí. Bó o bá ń sáré, dúró. Bó o bá la ẹnu láti bú ẹnì kan, pa á dé. Bí ó bá bá wa lórí pápá, bọ́ọ̀lù á máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi kan ọgbà, kò sẹ́ni tó máa lé e. Àwọn Kátólíìkì á gba tiwọn, "Mo kí ọ Màríà," àwa á ka Fátíhà sínú. Fádà mọ̀, kò bi wá. Ohun tó ń wá ni pé kí ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ lè dá ara rẹ̀ dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú nígbà tí kò wù ú. Iṣẹ́ lọ́yà ni mo ṣe láyé mi. Àìmọye ìgbà ni ẹnu ti ń yún mi ní kóòtù, tí adájọ́ ń sọ ohun tí mo mọ̀ pé kò tọ́, tí mo dákẹ́ títí ó fi parí. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ.

Mo ṣe Bible Knowledge nínú ìdánwò àṣejáde mi, mo sì yege nínú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe èmi nìkan. Ọmọ Mùsùlùmí tó mọ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì lórí pọ̀ ní Èkó nígbà yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ yàrá iṣẹ́ ọnà tún wà, mi ò sì lè sáré kọjá níbẹ̀. Bruce Onobrakpeya ló kọ́ iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's láti 1963 títí di 1980. Ọmọ Urhobo ni, Zaria ló ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Lónìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà yẹn, ọ̀gá iṣẹ́ ọnà ni lójú wa. A máa ń gé líno, irú èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀. Ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó la fi ń họ ọ́, a ó wá yí íńkì sórí rẹ̀, a ó tẹ bébà mọ́ ọn, a ó fi ẹ̀yìn ṣíbí pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì rọra bó o kúrò. Ibi tó o bá họ kúrò á funfun. Ibi tó o bá fi sílẹ̀ ló máa gba íńkì. Ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ tààrà sórí líno, òdì ni yóò bá a lórí bébà. O ní láti máa ro ohun tí yóò jáde kó o tó fi ọ̀bẹ kàn án, torí èyí tó o bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Nínú ilé-ìwé Kátólíìkì yẹn, àwọn àwòrán tó yí wa ká kì í ṣe ti òyìnbó. Ìtàn àlọ́, ẹbọra inú igbó, egúngún, ọba Benin: gbogbo ohun tí àwọn míṣọ́nnárì ìgbà àkọ́kọ́ ìbá ní kí wọ́n sun níná ni wọ́n gbé kọ́ ògiri. Kò pẹ́ púpọ̀ kí n tó wọlé ni Onobrakpeya parí àwòrán ibùdó mẹ́rìnlá ti Ọ̀nà Àgbélébùú sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ní Èbúté Mẹ́ta, pẹ̀lú ojú àti aṣọ ilẹ̀ wa. Mo lọ wò ó. Mo jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti wo Jésù tí wọ́n yà bí ọmọ Áfíríkà, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó dà bí ohun àjèjì sí mi. Kó tó dìgbà yẹn, mo rò pé ìwé kíkà ni kí èèyàn máa jìnnà sí ilé díẹ̀díẹ̀. Yàrá yẹn ló yọ èrò yẹn kúrò lórí mi.

Ti bọ́ọ̀lù, ẹ dákun. Zard Cup, ife bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama tó padà di Principals' Cup, ló máa ń da Èkó rú. Aládùúgbò wa nínú ìjọ, St. Finbarr's ti Akoka, ló ń mú wa lómi jù. Fádà Denis Slattery, ọmọ Ireland, ló dá a sílẹ̀ ní 1956. Fádà ni, oníwèé ìròyìn ni, réfíríì bọ́ọ̀lù sì ni. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Ẹ ò wá rí i pé tí wọ́n bá nà wá, kì í ṣe ẹ̀sín. Èmi ò gbá bọ́ọ̀lù dé ibì kankan. Agbè ni mo ń lù láàárín àwọn tó ń kọrin. Victor Uwaifo tó fi gìtá lu ayé já náà ka ìwé ní St. Gregory's, nítorí náà a máa ń sọ fún ara wa pé bí wọ́n bá borí wa lẹ́sẹ̀, a ó borí wọn lẹ́nu. Nípa Holy Child College, ilé-ìwé àwọn obìnrin tí àwọn Sísítà dá sílẹ̀ ní 1945 nítòsí wa, mo ti gbéyàwó, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1973, wọ́n fi Anthony Olúbùnmi Okogie jẹ Ààṣíbíṣọ́ọ̀bù Èkó. Ọmọ ilé-ìwé wa ni. Inú wa dùn bíi pé àwa ni wọ́n fi jẹ ẹ́. A ò mọ̀ pé iṣẹ́ tó le ń dúró dè é. Láàárín àwọn ọdún yẹn, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ káàkiri ń gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, ti ìjọba ni tiwa náà ti di. Ní 1979, Làtéèfù Jákàńdè di gómìnà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, àwọn ọmọ tí ì bá má fojú kan kíláàsì láéláé wọlé. Ẹni tó bá ní ohun burúkú pátápátá ni ètò yẹn, irọ́ ló ń pa. Mo mọ àwọn ọmọ àdúgbò wa tó tibẹ̀ di dókítà. Ṣùgbọ́n ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tún ní kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá wọlé. Ìgbà náà ni Okogie àti àwọn mìíràn gba kóòtù lọ.

Mo ń ka òfin lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ẹjọ́ Okogie àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní 1981, gbogbo ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí kóòtù sọ ni pé àwọn àfojúsùn ìjọba tó wà ní Orí Kejì ìwé òfin 1979, bó ti wù kó dára tó, kò lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Orí Kẹrin sẹ́yìn. Bí olùkọ́ wa ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀, orí mi ń wú. Ó ń pe orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹjọ́ lásán. Lójú èmi, ọmọ ilé-ìwé wa ló dúró síwájú ìjọba tó sì sọ̀rọ̀ láìjàgídíjàgan.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn àṣà wa nígbà tí àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn Fádà? Èyí ni ìbéèrè tí mo ti ń rò láti ọdún yìí wá. Àbúrò mi ọkùnrin wọ ilé-ìwé náà lẹ́yìn mi, òun ló fojú rí i. Ó ní agogo méjìlá ọ̀sán ṣì ń dún. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Ọmọ kíláàsì òun kan tí wọ́n ti fi sídìí agogo tẹ́lẹ̀ ló kàn ń lù ú lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó dá a dúró. Mùsùlùmí ni ọmọ náà. Àlàájì ni báyìí, ó ń ta páàtì mọ́tò. "Pro Fide et Scientia," ọ̀rọ̀ Látìn tó wà lára bájì, fún ìgbàgbọ́ àti fún ìmọ̀, wọn ò yọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọnù kì í ṣe àwọn ohun ńlá tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé yóò sọnù. Àwọn nǹkan tí kò lórúkọ ni: kí olùkọ́ mọ bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí síníọ̀ jókòó ti ọmọ fọ́ọ̀mù wan kó sì gbọ́ bó ṣe ń kàwé sókè. Nígbà tí èrò bá pọ̀ nínú kíláàsì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣeé ṣe mọ́, kò sì sí ìwé òfin tó kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi béèrè rẹ̀ padà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti pẹ́ ló yẹ kí a máa tọ́jú. Ọmọ mi ọkùnrin lọ sí ilé-ìwé Kátólíìkì mìíràn, tí mi ò ní dárúkọ. Ó dé sílé nígbà ìsinmi pẹ̀lú ọwọ́ tó bó, ọṣẹ ìfọṣọ ló bó o. Àwọn síníọ̀ ló ń kó aṣọ wọn fún un fọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, èsì tí síníọ̀ náà fún mi ni pé àṣà ilé-ìwé ni. Mo bi í pé ta ló dá a sílẹ̀. Kò mọ̀. Mo bi í pé aṣọ ta ni òun náà fọ̀. Ó dárúkọ ẹnì kan kíá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Fádà tó wà níbẹ̀ fi òpin sí i lọ́jọ́ náà, ó kéré tán lójú mi. Látìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà ni nǹkan kan jẹ́, mo máa ń wo ẹni tó ń jèrè rẹ̀ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bó.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ìtàn ilé-ìwé rẹ̀ jọ, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó dàgbà jù. Ẹ béèrè fọ́tò kí ẹ tó béèrè ìtàn. Fọ́tò máa ń pe ìtàn wá, ó sì máa ń tún un ṣe: a rí àgbàlagbà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn búra pé òun ló gbá góòlù kan náà wọlé, títí a fi rí fọ́tò tí ọ̀kan nínú wọn wọ kóòtù àti táì, tó dúró lẹ́yìn láàárín àwọn òǹwòran. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò lójú ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń se oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Ọ̀gá ilé-ìwé á wá, á lọ. Àwọn wọ̀nyí ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Ní 2001, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ilé-ìwé míṣọ́nnárì padà fún àwọn tó ni wọ́n. A jó. Àwọn tó kúnlẹ̀ dúpẹ́ wà nínú wa, èmi náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ tó gba ilé-ìwé padà ni yóò sanwó olùkọ́, ni yóò tún òrùlé ṣe, owó yẹn sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Ata ni ìyá mi ń tà ní Òkè Àrìn. Owó ilé-ìwé wà láyé tiwa náà, àmọ́ obìnrin aláta lè fi èsúsú rí i san. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláta òde òní, kò ṣe é. Bó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n bí mi, mi ò ní wọ ilé-ìwé tí mò ń fi gbogbo ẹnu yìn yìí. Mo máa ń sọ ọ́ nípàdé wa, àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní mò ń ba adùn jẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nígbà tó yá ni pé kí àwa tí a jọ jáde máa san owó àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára. Àríyànjiyàn pọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹnì kan ní ọmọ Kátólíìkì nìkan ni kó jẹ́, nítorí ìjọ ló ni ilé-ìwé. Kátólíìkì paraku kan ló dá a lóhùn pé Padre Anthonio ò ní ilé-ìwé kankan, síbẹ̀ ó gba gbogbo ẹni tó bá wá. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ méjì là ń sanwó fún báyìí. Ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èkejì ń lọ sí ilé kéú lópin ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ta ọ̀rá ní Ìdúmọ̀tà. A fẹ́ fi ẹnì kan kún wọn lọ́dún tó ń bọ̀, bí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà bá lè fi owó tí wọ́n ṣèlérí ránṣẹ́.